Ìjọba Alága Perlmuter ní Podwola

Ìran Júù ti ń wá ilẹ̀ wọn padà fún bí ẹgbàá ọdún, ṣùgbọ́n ní ìlú Podwola, Anshel Perlmuter ló kọ́kọ́ rí i, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó fi lọ ta ẹyin ló sì fi rí i.

Ẹyin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń kó ẹyin adìẹ jọ láti àwọn abúlé Galísíà, á tò wọ́n sínú koríko gbígbẹ, á sì fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ sí Jámánì àti Siwisaláńdì. Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ ẹyin. Ẹni tó bá ń gbé ẹyin kì í fò sókè, kì í sì í ju apá. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Perlmuter jẹ́ títí òpin oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1897, nígbà tí ẹyin gbé e dé ìlú Basel, tó sì rí àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú onírù, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá ń wọ̀ lọ sóde alẹ́, ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n ń wọ inú gbọ̀ngán ńlá kan lọ bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó ọba.

Ó bi aṣọ́nà léèrè pé ta ló kú.

“Kò sẹ́ni tó kú,” aṣọ́nà dáhùn. “Àwọn Júù gbogbo ayé ni. Wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò wá ilé fún ìran wọn, ilé tí òfin máa mọ̀ sí.”

Perlmuter gòkè lọ sí ibi tí àwọn òǹwòran ń dúró sí. Ó rí àwọn àgbà tó ti Rọ́ṣíà wá, tí omijé ń bọ́ sórí irùngbọ̀n wọn tí wọn kò sì nù ún. Ó rí i bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n. Òun náà sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká má rẹ́ ẹ jẹ: omijé òtítọ́ ni. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni pé bó ṣe ń nu ojú rẹ̀ báyìí, ó rí ọkùnrin kan tó ń ta òwú ní Lemberg, ẹni tó mọ̀ dáadáa, tó jókòó sí ìsàlẹ̀ láàárín àwọn aṣojú, nínú kóòtù onírù. Òun Perlmuter sì wà lókè láàárín àwọn tó wá wòran. Ojú ẹsẹ̀ ni omijé gbẹ. Ohun mìíràn sì gba ipò rẹ̀.

Nígbà tó délé, Hinde ìyàwó rẹ̀ ń gé àlùbọ́sà.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá Zlata. Ṣé ẹyin tó fọ́ kò pọ̀?”

“Ìyá Zlata,” Perlmuter ní, kò tilẹ̀ bọ́ fìlà, “má bi mí nípa ẹyin mọ́. Ísírẹ́lì ti jí.”

“A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin ńkọ́?”

Ó wò ó bí òkè ṣe ń wo pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì lọ sùn.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Basel ta ẹ̀ka bí igi etídò. Kí ọdún tó yípo, ó ti dé Odessa, ó ti dé Cologne, ó ti ré òkun kọjá dé Kaírò. Ìlànà rẹ̀ kò le: ẹni tó bá san owó ọmọ-ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń pè ní ṣékélì, ọmọ ẹgbẹ́ ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣojú tí yóò lọ sí Àpérò, ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ náà. Àwọn èèyàn tó lóye ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀. Wọn kò kàn mọ Perlmuter ni.

Ní Podwola, òkè ilé tí Perlmuter ń kó ẹyin sí ló di gbọ̀ngán ẹgbẹ́. Perlmuter fúnra rẹ̀ sọ ẹ̀ka náà ní Ìràwọ̀ Àkọ́yọ ti Síónì, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe alága. Wọ́n dìbò o, ẹ má ṣe sọ pé wọn kò dìbò. Ó ní kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn dìde. Àga kò sì tíì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ti wà lórí ìdúró, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ bí èèyàn ṣe ń dìde láti orí ìdúró.

Yekl onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ mọ ohun tí alága fẹ́. Ó mọ orí ọkùnrin tinú tẹ̀yìn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

“Alága,” ó ní lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Perlmuter sọ, ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àtùpà fi nílò epo lẹ́ẹ̀mejì, “ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lónìí yìí, bí òkúta bá gbọ́ ọ, á ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ Jáfà, èbúté ilẹ̀ ìlérí.”

Láti ọjọ́ náà lọ, Yekl ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìyìn ṣáájú ọ̀rọ̀ alága, tó sì ń sọ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni fi búrẹ́dì bo ẹran lókè nísàlẹ̀. Wọ́n tún ṣòfin pé bí alága bá ti wúkọ́, kí gbogbo ilé dìde. Òfin náà dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òtútù dé tí ikọ́ mú alága, ìdìde-ìjókòó yẹn pọ̀ débi tí ṣòkòtò Shmarye oníbúrẹ́dì fi ya.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá di àrà ni ọjọ́ tí alága pín ìjọba. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì ló ni Jerúsálẹ́mù lákòókò náà, kò sì tíì fi ilẹ̀ tó ìka kan tọrẹ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Perlmuter ní ìjọba tó bá fẹ́ dé kíákíá, ó yẹ kó bá àwọn mínísítà rẹ̀ nílẹ̀.

“Shmarye,” ó pe oníbúrẹ́dì, “ìwọ ni Mínísítà Òkun.”

“Alága, mi ò rí òkun rí láyé mi.”

“Ìdí tí mo fi yàn ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí i á máa ṣojúsàájú.”

Gbogbo ilé mirí sí ọgbọ́n yìí. Kalmen oníbàtà di Mínísítà Ẹnubodè àti Odi Jerúsálẹ́mù. Nokhem, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù, di Mínísítà Àwọn Tó Ń Wọlé Bọ̀. Yekl gba Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, nítorí pé ó ń gẹ irun fún abúlé mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, Kalmen àti Nokhem ti ń bá ara wọn jà lójú pópó lórí ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún Mèsáyà.

Genendel kọjá níbi tí wọ́n ti ń jà. Opó ni Genendel, òun ló ni ilé èrò tó wà lẹ́bàá afárá, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ.

“Anshel!” ó ké sí alága, ẹni tó dúró tó ń fi ọgbọ́n ìjọba là wọ́n. “Ta lo fi ṣe Mínísítà Wèrè? Àbí ẹ pín in kárí ni?”

“Ìyá Genendel, ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ ìjọba kọ́ ni tiyín.”

“Ṣé èmi náà kò san ṣékélì ni? Mo san án kí ìkankan nínú yín tó san án.”

“Ẹ san án lóòótọ́. Ísírẹ́lì dúpẹ́. Ẹ máa lọ wo ọbẹ̀ yín.”

Ẹ ẹ̀ rí i, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ṣékélì obìnrin yìí ti kó ìfura bá a. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló gbà á lọ́kàn. Ìlú Zborin wà nítòsí, ó ní ẹ̀ka tirẹ̀, alága tirẹ̀ náà sì ní kóòtù onírù. Wọ́n ní ẹ̀ka Zborin pọ̀ ju ti Podwola lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Perlmuter sùn. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo mínísítà lọ san ṣékélì fún ìyàwó wọn, fún ìyá ìyàwó wọn, fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn obìnrin, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ yẹ̀rì nínú ilé.

“Ṣé wọ́n á máa wá sípàdé ni?” Nokhem béèrè, ẹ̀rù ti bà á.

“Rárá o! Obìnrin kò ní jókòó sípàdé. Orúkọ wọn ni yóò máa jókòó.”

Báyìí ni Podwola ṣe borí Zborin. Alága fi ọjọ́ méjì gbáko rìn káàkiri ọjà bí àkùkọ.

Ó di ọdún 1900, ìròyìn kàn pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọn yóò ti ṣe Àpérò tọdún náà. Podwola àti àwọn abúlé rẹ̀ ti pọ̀ tó láti rán aṣojú kan lọ, Dókítà Feuerstein yóò sì ti Vienna wá láti bójú tó ìdìbò náà. Ní ti Perlmuter, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù tán, ara rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ti rán kóòtù onírù tuntun. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, tí yóò gba wákàtí mẹ́ta bí wọn kò bá pàtẹ́wọ́, márùn-ún bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ó sì dá a lójú pé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì yóò ránṣẹ́ pe òun.

“Ìyá Zlata, jókòó síbẹ̀ yẹn, kí o ṣe bí Ọbabìnrin.”

“Mo ń bó ọ̀dùnkún, Bàbá Zlata.”

“Máa bó o lọ. Ṣùgbọ́n kí o máa bó o bí ọba.”

Hinde na ọrùn, ó ń bó ọ̀dùnkún. Perlmuter wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ ba títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi kan orúnkún, ó wá há síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ọwọ́ tó ti tutù pẹ̀lú omi ọ̀dùnkún nà án padà.

“Kí ni Ọbabìnrin máa fèsì?” Perlmuter béèrè, ó ń mí gúlegúle.

“Á ní kí ẹ fi òróró gbígbóná pa ìbàdí.”

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Dókítà Feuerstein ń bọ̀ ni òjò ńlá rọ̀, inú òjò náà sì ni àwọn arìnrìn-ẹsẹ̀ dé.

Júù Rùmáníà ni wọ́n. Lọ́dún náà, ìyàn àti òfin burúkú ń lé wọn kúrò ní ilé wọn. Àwọn tí kò lówó ọkọ̀ ojú irin wá kó ara wọn jọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn la ilẹ̀ kọjá lọ sí èbúté Hamburg, níbi tí wọ́n ti lè bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà tàbí ibikíbi tó bá gbà wọ́n. Wọ́n ń kọrin nígbà tí wọ́n ń gun òkè afárá bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ọjà, orin náà ti tán. Àkísà ni ọ̀pọ̀ wọn wé mọ́ ẹsẹ̀, omi tó ń jáde lára àkísà náà sì pupa díẹ̀.

Ilé èrò Genendel gba ìwọ̀nba tó lè gbà, àwọn aládùúgbò gba díẹ̀ sí i. Àwọn tó kù wá sí gbọ̀ngán Ìràwọ̀ Àkọ́yọ, nítorí wọ́n rí i tí wọ́n kọ Síónì sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fi ìda kun ilẹ̀ gbọ̀ngán náà. Aṣọ àrán aláwọ̀ ojú sánmà ni wọ́n fi bo àwọn àga fún Dókítà Feuerstein. Perlmuter wọ kóòtù, ó jáde sórí pèpéle òkè tó ní ìbòrí, ó wo gbogbo èèyàn tó dúró sínú òjò yìí, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi. Kò tíì rí èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò níbi tí wọ́n lè sá lọ.

“Ẹ̀yin arákùnrin nínú ìgbèkùn!” ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè Jámánì tó ga, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́. “Nígbà tí mo wà ní Basel, tí ìtàn ń mí sí wa lára—”

Ó sọ ọ́ lọ láti ọ̀dọ̀ Ábúráhámù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù, ọkùnrin kan gbé ọwọ́ sókè. Burech ni orúkọ rẹ̀, káfíńtà ni, òun sì ni olórí wọn.

“Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Òrùlé tí kì í jò la ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, ká máa bá Jósẹ́fù lọ nínú ilé.”

“Ilẹ̀ náà kò tíì gbẹ,” Perlmuter dáhùn.

“Àwa náà ò tíì gbẹ, ọ̀gá.”

Ẹ̀rín díẹ̀ ta nínú òjò. Alága kò fẹ́ràn ẹ̀rín tí kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá pinnu, ó wọlé, ó pe àwọn mínísítà jọ. Wọ́n jókòó nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́, kí ìda má bàa bàjẹ́.

“Nokhem, Àwọn Tó Ń Wọlé Bọ̀, ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà.”

“Ọwọ́ tèmi kẹ̀? Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni mo ń gbà wọ́n sí. Àwọn wọ̀nyí, Hamburg ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń jáde ni, wọn ò wọlé.”

“Kalmen, ẹnubodè ni ọ̀rọ̀ yìí.”

“Ẹnubodè Jerúsálẹ́mù lẹ fún mi, Alága. Ilẹ̀kùn ilé ẹyin lèyí.”

Gbogbo wọn wá yíjú sí Shmarye. Oníbúrẹ́dì yọ orí lójú fèrèsé, ó wo ìta pẹ̀lú àfarabalẹ̀.

“Omi ni lóòótọ́,” ó ní, “ṣùgbọ́n òjò ni. Kì í ṣe òkun.”

Ibi tí ìjọba dé nìyẹn nígbà tí obìnrin kan pariwo lórí àtẹ̀gùn. Etye ni, aya Burech, oyún inú rẹ̀ ti pé, ìrìn náà sì ti mú kó rọbí. Ó di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀.

Hinde ti wà nísàlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ó ń fi ṣọ́ọ̀lì bo àwọn ọmọ. Ó gun àtẹ̀gùn náà wá, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò fi “o” bá a sọ̀rọ̀ níta rí.

“Anshel, kó kọ́kọ́rọ́ wá.”

“Ìyá Zlata, ọ̀rọ̀ wà lórí tábìlì—”

“Obìnrin wà lórí àtẹ̀gùn. Kó kọ́kọ́rọ́ wá, mo ní.”

“Kọ́kọ́rọ́ ìjọba ni!”

Genendel ti gòkè dé lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà. Kò bá a jiyàn. Ó kàn di ìrù kóòtù náà mú ní méjèèjì, ó lọ́ ọ mọ́ ọwọ́ bí ẹni ń fún aṣọ, alága sì dúró gbọnin bí ẹṣin tí wọ́n fi okùn so. Hinde ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n wọlé, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ wọn, lórí ìda. Wọ́n to àwọn àga pọ̀ fún Etye. Hinde lọ sí ìsàlẹ̀, ó wo gbogbo ẹyin tí wọ́n ti dì sínú koríko tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí Jámánì, ó ní kí wọ́n gbé agbada ìfọṣọ kaná. Ẹyin síse ni àwọn arìnrìn-ẹsẹ̀ jẹ títí wọ́n fi yó, pẹ̀lú búrẹ́dì Shmarye. Ìyàwó Shmarye ló kó búrẹ́dì náà wá láìbéèrè lọ́wọ́ Mínísítà Òkun.

Ìsàlẹ̀ ni Perlmuter jókòó sí, láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Ó gbọ́ igbe ọmọ tuntun lórí òun lókè. Ohun kan mì nínú àyà rẹ̀, irú èyí tó mì ní Basel. Lẹ́yìn náà ló rántí àrán orí àga, àyà rẹ̀ sì padà le.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn onífèrè méjì àti Yekl ni wọ́n bá a lọ pàdé Dókítà Feuerstein ní ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n dúró síwájú ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá. Ẹnu ọkọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń sín, búrẹ́dì àti wàràkàṣì wà nínú bébà lábẹ́ apá rẹ̀. Perlmuter ní kó sún sẹ́yìn, àlejò pàtàkì ń bọ̀.

“Èmi ni Feuerstein,” ọkùnrin náà ní, ó sì sín.

Ọ̀rọ̀ ìkíni tí Perlmuter kí i dé ọ̀dọ̀ Dáfídì ọba kí dókítà tó rọra béèrè ibi tí gbọ̀ngán wà. Perlmuter ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sílé òun. Dókítà ní gbọ̀ngán. Perlmuter ní oúnjẹ wà nílé. Dókítà gbé bébà rẹ̀ sókè, ó ní òun ní oúnjẹ.

Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn aṣọ tútù àti ẹyin ló kí wọn káàbọ̀. Ìró àwọn ọmọdé kún ilé. Okùn tí wọ́n fi ta àsíá ni wọ́n sá ìledìí sí. Etye sùn lórí àwọn àga alárán, ọmọ wà láyà rẹ̀. Dókítà Feuerstein dúró, ó ń wò.

“Ta ló ṣe èyí?” ó béèrè níkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo bí ọlá ṣe máa ń dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í dànù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí Perlmuter sọ, ìyẹn “àwa ni.” Ìbá ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìbá tilẹ̀ ti rí Ọbabìnrin.

“Ìyàwó mi ni!” ó ké. “Dókítà, mi ò lọ́wọ́ sí i! Mo kìlọ̀ fún un. Agídí ló fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, níṣojú gbogbo mínísítà. Yekl, ṣé o ò rí wọn?”

“Mo rí wọn, Ọlọ́lá jùlọ,” Yekl jẹ́rìí. “Wọ́n di ìrù kóòtù yín mú.”

Dókítà bọ́ fìlà rẹ̀.

“Níbo ni ìyàwó yín wà, ọ̀gbẹ́ni?”

Ọ̀sán ọjọ́ náà, nínú gbọ̀ngán kan náà, ni wọ́n ṣe ìdìbò. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí kò sí àga. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Yekl dárúkọ alága, ó fi oyè mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀. Genendel wá dìde nídìí ilẹ̀kùn, gbogbo obìnrin Podwola sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Hinde Perlmuter la fẹ́.”

“Obìnrin?” Alága rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Dókítà kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín. “Ẹ má dá wọn lóhùn, Dókítà. Wọn ò mọ òfin.”

“Àpérò kejì ti fi òfin yẹn lélẹ̀ látọdún méjì sẹ́yìn,” Dókítà dáhùn, ó ń nu imú. “Ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó bá san ṣékélì lè dìbò, a sì lè dìbò yàn án. Ẹ̀ka yín ló tilẹ̀ ní obìnrin jù lọ ní Galísíà. Ní Vienna, orí wa wú. A ní alága Podwola yìí, ọ̀làjú gidi ni.”

Wọ́n kó ìbò sínú fìlà. Wọ́n kà á. Àwọn obìnrin dìbò fún Hinde, gbogbo wọn porogodo. Perlmuter ní ìbò kan. Nokhem, ẹni tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, ní ìbò kan. Kalmen ní ìbò kan. Shmarye ní kan. Yekl pàápàá ní ìbò kan. Àwọn mínísítà wo ara wọn, wọ́n sì wo ilẹ̀. Ẹ kò ní kí ènìyàn kọ́ wọn ní ìjọba fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n má gbọ́n.

Hinde kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin èèyàn,” ó ní, “kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù?”

“Ìwọ sáà lọ,” Genendel ní. “Èmi á máa wo adìẹ rẹ.”

Perlmuter dìde. Ó na apá. Ohùn rẹ̀ lágbára bíi ti Jeremáyà. “Ẹ̀yin ará Podwola! Ìtàn yóò bi yín léèrè! Ẹ ti gé orí Ísírẹ́lì—”

“Alága,” Yekl sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó fi ìka lé ètè, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ọmọ ń sùn.”

Lóòótọ́, ọmọ ń sùn. Perlmuter wo ẹnu onígbàjámọ̀ yìí, ẹnu tó ti ń fi ìyìn bọ́ òun fún ọdún mẹ́ta, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀.

Àwọn arìnrìn-ẹsẹ̀ dúró títí wọ́n fi kọ ọmọ náà nílà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Zorekh. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Genendel yá wọn ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan fún Etye àti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì san. Perlmuter lọ dúró sórí afárá. Ó ti rò ó pé ẹni tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lè sọ̀rọ̀ ìdágbére. Kò tíì la ẹnu tí Etye fi gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ bá mi gbé e, kí n gun kẹ̀kẹ́.”

Ó gbé e. Ọ̀nà náà kún fún kòtò, kẹ̀kẹ́ ń fò sókè. Nígbà tí Etye gba ọmọ náà padà, igbe ta. Wọ́n tún gbé e fún Perlmuter, ọmọ dákẹ́. Ọwọ́ tó ti gbé ẹyin fún ogún ọdún ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohun tó lè fọ́. Ó ní òun yóò bá wọn gbé e dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Ibẹ̀ ni ó ti ní òun yóò dé ilé ọlọ tó wà níwájú. Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù onírù, ó fi bo ọmọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ wá sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà ń fajú ro, Perlmuter á sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Nígbà tí wọ́n fi dé Zborin, bàtà rẹ̀ ti la ẹnu. Wọ́n dúró síwájú gbọ̀ngán ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Alága Zborin jáde sórí pèpéle òkè nínú kóòtù onírù, ó tú bébà gígùn kan.

“Ẹ̀yin arákùnrin nínú ìgbèkùn!” ó bẹ̀rẹ̀. “Nígbà tí Ábúráhámù—”

“Ọ̀gbẹ́ni!” Perlmuter ké láti inú òjò, pẹ̀lú ohùn tí àwọn ará Podwola kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Fi Ábúráhámù sílẹ̀! Sọ̀ kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn!”

Alága Zborin wo ọkùnrin olómi yìí tó gbé ìkókó dání. Kò dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí Perlmuter délé, Hinde ń to aṣọ sínú àpótí fún ìrìn àjò. Kò bi í níbi tó ti ń bọ̀. Ó gbé omi gbígbóná wá, ó bu iyọ̀ sí i, Perlmuter ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì kérora.

“Bàbá Zlata,” Hinde ní, “wọ́n ní wọ́n lè fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Ìwé wákàtí mẹ́ta yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wò ó. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú nínú omi.

“Sọ fún wọn pé ọ̀nà náà jìn,” ó ní, “ọmọdé sì wúwo láti gbé.”

Hinde dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀lì lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má bàa gbàgbé. Ó ká ṣọ́ọ̀lì náà, ó fi lé orí ẹrù, ó sì pa àpótí dé.

“Ìyá Zlata,” Perlmuter pè é, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

“Ẹ̀n-ẹ́n?”

“Ṣé wàá sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ ọ́?”

Hinde jókòó lé àpótí náà kí ó lè tì.

“Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná,” ó ní. “Bí àyè bá wà.”